Kókó Ara Kì Í Ṣe Oówo: Ẹ Yé Tẹ̀ Ẹ́, Ẹ Yé Là Á

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ààwẹ̀, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ sàká. Ọ̀rọ̀ kókó ara ni, àní kókó róbótó tí ń hù sábẹ́ awọ lẹ́yìn ọrùn, lẹ́yìn etí, láàrin èjìká méjèèjì, lórí tàbí lójú, tí a bá fi ìka kàn án tí ó ń yẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún bí èso inú àpò. Ó lè wà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá kí ó má dun olúwarẹ̀ rárá. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí ń ka ìwé ìròhìn yìí ni ó ní ọ̀kan lára, tàbí tí bàbá wa tàbí ìyá wa ní i. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan òun.

Ohun tí ó mú mi gbé kálámù ni ohun tí mo rí ní Ògìdì. Ẹni tí kò bá mọ Ògìdì, ìlú kan ni ní ilẹ̀ Ìjùmú, ní ìhà Kàbà, ní Ìpínlẹ̀ Kogí, láàrin àwọn ará wa tí à ń pè ní Yorùbá Òkun nítorí pé "Òkun" ni wọ́n fi ń kí ara wọn. Àpáta ńláńlá wà yí ìlú náà ká, aṣọ híhun àti aṣọ rírẹ ní aró ni a sì fi mọ̀ ọ́n. Ibẹ̀ ni wọ́n gbé bí Olóyè Nike Okundaye ní ọdún 1951, obìnrin tí ó gbé iṣẹ́ àdìrẹ dé ìlú òyìnbó. Àwọn oníṣòwò aṣọ ibẹ̀ a máa di ẹrù wọn lọ sí Kàbà, sí Lọ́kọ́já àti sí Ìlọrin, àwọn Mùsùlùmí àárín wọn kì í sì í fi ìrun Jímọ̀ ṣeré.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ kan ni èmi àti àfáà kan tí ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú lọ kí oníṣòwò aṣọ kan tí ó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Kò fẹ́ kí n dárúkọ òun, n kò sì ní í dárúkọ rẹ̀. Ọ̀ọ̀dẹ̀ ni a bá a, ó kọ ẹ̀yìn sí fèrèsé kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ sí i.

"Òkun o, bàbá," ni mo wí.

"Òkun o, ọmọ mi. Òkun o, àfáà. Ẹ jókòó sọ́hùn-ún, ẹ má sún mọ́ mi jù."

"Bàbá, a kò rí yín ní mọ́sálásí," ni àfáà wí.

"Ẹ kò lè rí mi. Jímọ̀ márùn-ún rèé. Egbò yìí ń rùn, omi rẹ̀ ń ba ẹ̀wù mi jẹ́. Ṣé pẹ̀lú nájísì lára ni kí n wá fi èjìká kan èjìká ọmọlúàbí?"

Ọdún mẹ́sàn-án ni kókó náà ti wà ní ẹ̀yìn rẹ̀. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ kò ju kóró ọ̀gẹ̀dẹ̀ Mẹ́kà, tí à ń pè ní dàbínù, lọ. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń dàgbà títí ó fi tó gúábà kékeré. Kò dùn ún, àfi bí ó bá gbé ẹrù aṣọ sí èjìká tí okùn ẹrù náà ń ha á. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé owó ni ó kó pamọ́ sẹ́yìn. Ní ọjọ́ ọjà kan, alábẹ kan tí ń kiri ọjà wí fún un pé òun yóò yọ ọ́ kúrò kí ìrun Àsárì tó tó. Ó gba owó, ó fi abẹ la orí kókó náà, ó fi àtàǹpàkò méjèèjì fún ohun funfun kan jáde bí ògì tí ó dì, ó bu ìyẹ̀fun kan sí i, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ojú rẹ̀ jiná fún ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà ni gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ gbóná, ó wú, ó sì bẹ́. Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń ṣomi, tí ó ń pa ẹnu dé, tí ó tún ń bẹ́. Ọjà tí ó máa ń gbé lọ sí Kàbà wà nínú ilé, owó àwọn ahunṣọ tí ó gba aṣọ lọ́wọ́ wọn kò sì tíì jáde.

Ìyàwó rẹ̀ dá sí i láti ẹnu ọ̀nà pé, "Ṣebí mo ní kí wọ́n jẹ́ kí a lọ sí ọsibítù. Wọ́n ní kókó lásán ni."

Òtítọ́ ni bàbá sọ, kókó lásán ni tẹ́lẹ̀. Abẹ ni ó sọ ọ́ di àìsàn.

Ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí ó wà nínú kókó yìí, nítorí pé àìmọ̀ ni ó jẹ́ kí gbogbo ènìyàn máa fi abẹ bọ̀ ọ́. Àwọn kan ní ọ̀rá ni. Àwọn kan ní ẹ̀jẹ̀ búburú tí ó dì ni, àwọn mìíràn ní ọwọ́ ayé ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Awọ ara wa a máa pààrọ̀ ara rẹ̀ lójoojúmọ́: èyí tí ó ti gbó lókè a máa ṣí dànù bí ìpẹ́pẹ́, tuntun a sì máa ti abẹ́ jáde wá. Nígbà mìíràn ihò tí irun ti ń hù a dí, tàbí kí nǹkan gún ara, kí díẹ̀ nínú awọ òkè sì wọ abẹ́ lọ. Awọ tí ó wọ inú yìí kò mọ̀ pé òun ti ṣìnà. Iṣẹ́ tí ó ń ṣe lókè ni yóò máa ṣe lábẹ́: yóò di àpò kékeré, yóò sì máa ṣí ìpẹ́pẹ́ rẹ̀ sínú àpò náà. Nígbà tí kò sí ọ̀nà tí ìpẹ́pẹ́ náà yóò gbà jáde, yóò máa kún, yóò máa dì, yóò sì máa rùn. Irú èròjà tí ó wà nínú èékánná àti irun wa ni ó wà nínú rẹ̀; kẹ́rátìnì ni àwọn dókítà ń pè é. Ìdí nìyí tí ohun tí ń jáde níbẹ̀ fi funfun, tí ó nípọn, tí òórùn rẹ̀ sì burú, láìṣe pé ẹni náà dọ̀tí. Àwọn dókítà ń rí i lára ọkùnrin ní nǹkan bí ìlọ́po méjì ti obìnrin. Èyí tí ń hù sí àtàrí a sì máa tẹ̀lé ìdílé, bàbá a ní i, ọmọ a ní i.

Bí ẹ bá wo kókó náà dáadáa, ẹ lè rí ojú kékeré dúdú kan lórí rẹ̀ bí ẹni fi orí abẹ́rẹ́ tọ́ ọ. Ẹnu àpò náà nìyẹn. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó ní i, ṣùgbọ́n bí ó bá ní i, àmì tí ó dára láti fi mọ̀ ọ́n ni. Oówo yàtọ̀ sí i. Oówo a máa dé kíákíá ní ìwọ̀n ọjọ́ mélòó kan, pẹ̀lú ìrora àti ooru, nítorí pé kòkòrò àrùn ni ó fà á. Kókó ara a máa dàgbà fún oṣù àti fún ọdún láìsọ̀rọ̀. (Àmì dúdú tí ìforíkanlẹ̀ ń fi sí iwájú orí àwọn àgbà wa kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí o. Awọ tí ó yi ni ìyẹn, kò ní àpò.)

Wàyí o, kí ni ń ṣẹlẹ̀ bí a bá tẹ̀ ẹ́? Yorùbá ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ẹni tí ń fi àtàǹpàkò fún kókó rò pé ohun gbogbo yóò gba ojú rẹ̀ jáde síta. Ṣùgbọ́n ògiri àpò náà tín-ín-rín, ó sì lè bẹ́ sínú kí ó tó bẹ́ síta. Bí ìpẹ́pẹ́ yẹn bá ti tú sínú ẹran ara, ara yóò kà á sí àlejò, yóò sì gbógun tì í. Ibẹ̀ ni pípọ́n, ooru àti ìrora ti ń wá, kódà bí kòkòrò àrùn kankan kò bá sí níbẹ̀. Bí èékánná tàbí abẹ bá tún wá mú kòkòrò àrùn wọlé, ó di wàhálà méjì. Bí ó bá sì jẹ́ pé síta ni gbogbo rẹ̀ gbà, àpò náà ṣì wà nínú. Níwọ̀n ìgbà tí àpò bá wà, yóò tún kún. Èyí gan-an ni ó ṣẹlẹ̀ sí bàbá wa.

Ọ̀rọ̀ abẹ tún ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Abẹ tí a fi la ara ẹnìkan láàárọ̀ tí a sì fi la ara ẹlòmíràn lọ́sàn-án lè gbé àrùn ẹ̀dọ̀ àti àrùn éèdì láti ara ẹni kan sí ẹlòmíràn, bí ó tilẹ̀ dà bíi pé kò sí ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀ mọ́. Abẹ tí ó dọ̀tí, ìgbẹ́ màlúù tàbí erùpẹ̀ tí àwọn kan ń fi sí egbò, lè mú àrùn tẹ́tánọ́ọ̀sì wá, èyí tí ń mú ẹnu ènìyàn dì pa tí ara rẹ̀ yóò sì le gbagidi. Inú mi kò sì dùn sí àṣà kan tí ó ti gba gbogbo ọjà wa kan: kí a já kápúsù, kí a bu ìyẹ̀fun inú rẹ̀ sí ojú egbò. Kápúsù tí a ṣe fún ẹnu kì í ṣe àtíkè. Kò lè yọ àpò kókó, bí ènìyàn sì ti ń lò ó ní ìlòkulò ni àwọn kòkòrò àrùn ń mọ ọ̀nà láti borí rẹ̀, tí yóò fi jẹ́ pé ní ọjọ́ tí a bá nílò rẹ̀ ní tòótọ́ kò ní í jẹ́ mọ́.

Àwọn kan yóò ní ìmọ̀ òyìnbó ni mò ń wí. Rárá o. Mùsùlùmí ni Abu al-Qasim al-Zahrawi, oníṣẹ́ abẹ ilẹ̀ Àńdálúsì, tí ó kú ní nǹkan bí ọdún 1013. Ìwé rẹ̀ tí ó ń jẹ́ al-Tasrif jẹ́ apá ọgbọ̀n, apá tí ó kẹ́yìn ni ó sì fi ṣàlàyé iṣẹ́ abẹ, tí ó ya àwòrán irinṣẹ́ sí i. Nígbà tí ó dé orí ọ̀rọ̀ àwọn kókó tí ń hù sí awọ orí, ó ṣàlàyé pé àpò ni ó bo èyí tí ó wà nínú wọn, ó fi àpò náà wé àpò oúnjẹ tí ó wà lọ́rùn adìẹ, ó sì kìlọ̀ fún oníṣẹ́ abẹ pé kí ó yọ àpò náà tán pátápátá, nítorí pé bí díẹ̀ bá ṣẹ́kù, ó lè padà wá. Gerard ará Cremona túmọ̀ apá ìwé náà sí èdè Látìnì ní Toledo ní ọ̀rúndún kejìlá, ọwọ́ èyí sì ni àwọn oníṣẹ́ abẹ ilẹ̀ Yúróòpù ti kọ́ ẹ̀kọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun tí alábẹ ọjà kò mọ̀ lónìí, ọmọ Ìsìláàmù kan ti kọ ọ́ sílẹ̀ láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn.

Ó ku ọ̀rọ̀ tí ó dun bàbá náà jù, èyíinì ni ọ̀rọ̀ ìrun. Àfáà tí mo bá lọ jókòó tì í, ó sì ṣàlàyé fún un ní pẹ̀lẹ́tù. Ó rán an létí pé nígbà tí àwọn ará oko kan bi Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, bóyá kí àwọn máa tọ́jú ara àwọn bí àìsàn bá dé, ó ní kí wọ́n máa tọ́jú ara wọn, nítorí kò sí àrùn tí Ọlọ́run sọ̀ kalẹ̀ láìsọ ìwòsàn rẹ̀ kalẹ̀, àfi ogbó nìkan. Usamah ọmọ Sharik ni ó gba hàdíìsì náà wá. Ó tún sọ ìtàn tí Jabir ọmọ Abdullahi ròyìn rẹ̀, ti ọkùnrin kan tí òkúta fọ́ lórí nínú ìrìn-àjò. Ìwẹ̀ di dandan fún un, ó sì bi àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bóyá àyè tàyámọ́mù wà fún òun. Wọ́n ní kò sí, níwọ̀n ìgbà tí omi wà nílẹ̀. Ọkùnrin náà wẹ̀, ó sì kú. Nígbà tí Ànábì gbọ́, inú rẹ̀ kò dùn sí wọn rárá pé wọ́n dájọ́ lórí ohun tí wọn kò mọ̀, tí wọn kò sì béèrè.

"Nítorí náà, bàbá," ni àfáà wí, "egbò kò lé yín kúrò lórí ìrun. Ibi tí ara yín dá ni kí ẹ fi omi fọ̀. Bí omi yóò bá pa egbò lára, ẹ fi ọwọ́ tútù pa á lójú. Bí ìyẹn náà yóò bá pa á lára, ẹ fi aṣọ mímọ́ dì í, kí ẹ pa ọwọ́ tútù lórí aṣọ náà."

"Omi tí ń jáde ńkọ́?"

Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fi etí sí dáadáa, nítorí pé ìdáhùn rẹ̀ yà mí lẹ́nu. Shaykh Khalil ọmọ Ishaq, ará Íjíbítì, ẹni tí ó kọ ìwé Mukhtasar ní ọ̀rúndún kẹrìnlá, ìwé tí àwọn àfáà ilẹ̀ wa tí ń tẹ̀lé ọ̀nà Mọ́líkì ń kọ́ títí di òní, ka àwọn ẹ̀gbin tí òfin mójú kúrò lára wọn. Ọ̀kan nínú wọn ni ohun tí ó bá ti inú oówo jáde sí ara tàbí sí aṣọ, bí oówo náà bá jẹ́ èyí tí a kò tẹ̀. Bí ó bá wá pọ̀ jù, a fẹ́ kí a fọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n èyí tí ènìyàn bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ jáde kò sí lábẹ́ ìdẹ̀rùn yẹn. Ìwọ̀nba kékeré bí owó dírámù nìkan ni a mójú kúrò lára rẹ̀, àfi bí oówo bá pọ̀ lára rẹ̀ tí kò sì lè ṣe é kí ó má tẹ̀ wọ́n. Àfáà ní bí ọ̀rọ̀ oówo ti rí náà ni ti kókó tí ó bẹ́ fúnra rẹ̀. Ẹ wò ó bí òfin ẹ̀sìn àti òfin ìṣègùn ti pàdé lójú kan: èyí tí ara fúnra rẹ̀ tú jáde ní ìdẹ̀rùn, èyí tí ọwọ́ tẹ̀ ní ìnira.

Ní ti òórùn, àfáà kò tan bàbá jẹ. Ó ní òfin gba ẹni tí òórùn ara rẹ̀ yóò ni àwọn ẹlòmíràn lára láyè láti má wá sí Jímọ̀, kí ó kí ìrun Àílà nínú ilé, kò sì ní ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n àyè yẹn kì í ṣe ti ẹni tí ó jókòó sílé láìwá ìtọ́jú. Ní ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀lé e ni wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù.

Èwo wá ni ènìyàn lè ṣe nínú ilé? Ó wà, kò sì náni lówó púpọ̀. Bí kókó náà kò bá dunni, tí kò sì dàgbà kíákíá, fífi sílẹ̀ gan-an ni ìtọ́jú rẹ̀. Ó ṣọ̀wọ́n gidigidi kí irú rẹ̀ di jẹjẹrẹ. Ẹ máa fi ọṣẹ àti omi wẹ ibẹ̀ bí ẹ ti ń wẹ ara yòókù, ẹ má fi kànkàn líle ha á. Òrí àti àdín kò ní í pa á lára bí awọ rẹ̀ bá dá, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má tà á fún yín pé yóò yọ ọ́. Ẹni tí ń gbé ẹrù lórí, kí ó wá òṣùká tí ó nípọn, tí ó sì rọ̀, kí igbá ọjà má máa tẹ kókó àtàrí mọ́ eegun. Ẹni tí ń fi èjìká ru aṣọ, kí ó gbé okùn sí èjìká kejì.

Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ro tàbí kí ó wú díẹ̀, omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ ni kí ẹ lò. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yín. Ẹ se omi, kí ẹ jẹ́ kí ó rọlẹ̀ títí yóò fi lọ́wọ́ọ́rọ́. Ẹ fi ìgúnpá dán an wò bí ẹni fẹ́ wẹ ọmọ jòjòló, nítorí omi gbígbóná yóò bó awọ. Ẹ ki aṣọ òwú funfun mímọ́ bọ̀ ọ́, ẹ fún aṣọ náà, kí ẹ gbé e lé kókó fún ìṣẹ́jú 10 sí 15, ní ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin lóòjọ́. Ẹ kàn gbé e lé e ni, ẹ má fi tẹ̀ ẹ́. Aṣọ náà kí ó jẹ́ ti ẹni náà nìkan, kí ẹ sì fọ̀ ọ́ kí ẹ tó tún un lò. Parasitámọ́ọ̀lù lè dín ìrora kù, ní ìwọ̀n tí wọ́n kọ sí ara páálí rẹ̀. Bí kókó bá bẹ́ fúnra rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó ṣàn, ẹ fi omi mímọ́ àti ọṣẹ wẹ̀ ẹ́, ẹ fi bándéèjì mímọ́ bò ó, kí ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́ tàbí nígbàkigbà tí ó bá tutù. Lẹ́yìn èyí, ẹ lọ fi han nọ́ọ̀sì tàbí dókítà.

Bí ibẹ̀ bá gbóná tí ìwú náà ń tàn ká, tí awọ rẹ̀ ń dán tàbí tí ó ṣú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tí ibà dé, tàbí tí ìrora kò jẹ́ kí ènìyàn sùn, iṣẹ́ ilé ti parí, ọsibítù ló kù. Ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ kò gbọdọ̀ dúró dé ìgbà yẹn rárá. Èyí tí ó bá wà lẹ́bàá ojú, dókítà ni kí ó rí i láti ìbẹ̀rẹ̀.

Mo gbọ́dọ̀ kìlọ̀ níhìn-ín pé kì í ṣe gbogbo kókó ni kókó tí mò ń wí. Kókó inú ọmú obìnrin, ẹ má fi omi gbígbóná kankan ṣe é. Ẹ gbé e lọ fún dókítà ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ bá rí i. Kókó orí abẹ́ tí ń wọlé tí ń jáde bí ènìyàn bá wúkọ́ tàbí tí ó gbé ẹrù lè jẹ́ ìfun tí ó yọ sábẹ́ awọ, abẹ tí ó bá sì la ìfun ti pa ènìyàn. Kókó méjì mẹ́ta tí ó so mọ́ra wọn lọ́rùn, pẹ̀lú òógùn òru àti rírù, lè jẹ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ tí ó gba ọ̀nà ọrùn yọ. Oògùn rẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́ ní ọsibítù ìjọba, oṣù mẹ́fà ni a sì ń lò ó. Kókó tí ó wà ní àárín gbùngbùn ara ọmọdé, ní orí imú, ní àtàrí tàbí ní ìsàlẹ̀ ọ̀pá ẹ̀yìn, lè ní gbòǹgbò tí ó wọ ọpọlọ tàbí ọ̀pá ẹ̀yìn lọ. Kí abẹ́rẹ́ má kàn án. Àwọn ará wa tí ń gbé lẹ́bàá odò tí ń sáré lórí àpáta sì mọ kókó mìíràn, tí ń hù sí orí eegun ìbàdí, sí ìhà, tàbí sí orí. Aràn tí kòkòrò kékeré dúdú etídò ń gbé sí ara ni ó wà nínú rẹ̀, òun náà ni ó ń fọ́ ojú. Ìpínlẹ̀ Kogí wà lára ibi tí àrùn yìí ti jà. Láti ọdún 1987 ni ilé iṣẹ́ Merck ti ń fi oògùn rẹ̀, Mectizan, tọrẹ; bí àwọn apínoògùn bá dé àdúgbò yín, ẹ jáde lọ gbà á.

Ẹni tí kókó rẹ̀ bá ń dà láàmú, yíyọ rẹ̀ ní ọsibítù kì í ṣe iṣẹ́ ńlá. Ọsibítù ìjọba wà ní Kàbà, èyí tí ó tóbi jù wà ní Lọ́kọ́já, èyí tí àwọn míṣọ́nnárì dá sílẹ̀ ní Ẹ̀gbẹ̀ ní ilẹ̀ Yàgbà sì ti wà láti ọdún 1952. Abẹ́rẹ́ amárakú ni dókítà yóò gún sí ojú ibẹ̀ nìkan, ẹni náà yóò sì lajú sílẹ̀. Yóò gé ojú dúdú kékeré yẹn mọ́ ọn, yóò yọ àpò náà lódindi, yóò rán an, olúwarẹ̀ yóò sì padà sílé lọ́jọ́ náà. Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ ni pé bí ó bá ti gbóná tí ó ti wú, dókítà lè kọ̀ láti yọ ọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Yóò kọ́kọ́ la ojú rẹ̀ kí ọyún jáde, yóò sì ní kí ẹ padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ó tó yọ àpò. Ohun tí wọ́n ṣe fún bàbá wa nìyí. Ẹ má bínú pé wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàbọ̀. Ara tí ó ti wú kì í jẹ́ kí àpò ṣeé yọ tán. Kí ẹni tí àpá rẹ̀ máa ń ga sókè tí ó ń yọ ìwo wí fún dókítà ṣáájú, nítorí pé awa aláwọ̀ dúdú ni ó ń ṣe jù.

Ọjọ́ tí wọ́n bá ránṣọ ara, ẹ bi wọ́n léèrè ọjọ́ tí omi lè kàn án. Kí ọjọ́ náà tó pé, pípa ọwọ́ tútù lórí bándéèjì ni àlùwàlá ojú ibẹ̀. Òwú ojú kì í pẹ́ tó òwú ẹ̀yìn kí wọ́n tó yọ ọ́. Ti ẹ̀yìn lè tó ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá.

Ẹ̀yin tí ẹ ń múra Hájì, ọ̀rọ̀ yín ni ó kù. Ẹni tí ó ní kókó ní àtàrí, kí ó yọ ọ́ ní oṣù mélòó kan ṣáájú ìrìn-àjò bí ó bá fẹ́ yọ ọ́, kí ojú rẹ̀ ti jiná. Bí kò bá yọ ọ́, kí ó fi ọwọ́ tọ́ka sí i fún onígbàjámọ̀ ní Mínà kí abẹ tó kan orí rẹ̀, nítorí èrò pọ̀ níbẹ̀, ọwọ́ wọn yá, wọn kò sì gbọ́ Yorùbá. Abẹ tuntun ni kí ó ní kí wọ́n lò. Bí ẹ̀rù bá sì ń bà á, kí ó ní kí wọ́n fi àlùmọ́gàjí gé irun náà kúrú dípò fífá. Hájì rẹ̀ pé.